Ọjọ́ Tí Ìyá Dọlápọ̀ Rí Eegun Ara Rẹ̀

Ní Fọlá Agoro ní Ṣómólú, kò sí ẹni tí kò mọ Ìyá Dọlápọ̀. Oyèbísí ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń gbé Ṣómólú débi pé àwọn tó lè ṣíjú wò ó kí wọ́n sì pè é ní Oyèbísí kò pọ̀ láyé mọ́. Eegun ló ń tò. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, bàbá bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ bàbá rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Bàrígà, bí ẹsẹ̀ wọn bá yẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn wá. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí èjìká rẹ̀ bá yọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni. Yóò ní kí onítọ̀hún jókòó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, ohun tó jẹ láàárọ̀. Bí ẹni náà ti ń dáhùn ni ìka ìyá yìí yóò máa rìn nínú ẹran ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Kí onítọ̀hún tó parí ọ̀rọ̀, nǹkan ti dún kó, ó ti parí.

Bí ẹnikẹ́ni bá mú àwòrán ẹ́síréè wá, kì í wò ó. "Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ni yóò wí. Kì í ṣe pé ó ń gbéra ga. Ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan nínú àwòrán bẹ́ẹ̀ ju èéfín dúdú àti funfun lọ. Ìka rẹ̀ ló mọ eegun. Láti ìgbà ọmọge títí di ìgbà tí orí rẹ̀ funfun, kò tíì fi ojú rí eegun èèyàn tó wà láàyè rí.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Keje. Ìyá Dọlápọ̀ gbé abọ́ tó fẹ́ fọ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀ lórí táìlì ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe ìṣubú ńlá. Irú èyí tí ọmọdé máa ń ṣe tí yóò sì dìde pẹ̀lú ẹ̀rín ni. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ láti fi gba ara rẹ̀ dúró, ó sì gbọ́ ọ kó tó dùn ún. Ó ti gbọ́ ìró yẹn lára àwọn ẹlòmíì, kò gbọ́ ọ lára ara rẹ̀ rí.

Ó jókòó sínú omi òjò níbẹ̀, ó wo ọwọ́ náà. Ọrùn ọwọ́ ti tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì ìjẹun. Ó fi ọwọ́ òsì kàn án, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn tó ń wá bá a. Ohun tí ìka rẹ̀ bá níbẹ̀ bà á lẹ́rù. Eegun tó yẹ kó kán, kó sì ní orí méjì tí èèyàn lè dì mú, kò kán bẹ́ẹ̀. Ó rún ni. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ tẹ gúgúrú tó wà nínú ọ̀rá.

Falilat, obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Igbe rẹ̀ ló kó àwọn ará ilé jọ. Wọ́n gbé Ìyá Dọlápọ̀ wọlé, wọ́n fi ìró di ọwọ́ náà mọ́ àyà rẹ̀, wọ́n sì pe Dọlápọ̀ lórí fóònù. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajúláyé ni Dọlápọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gé pépà ló ṣe sáré wá, eruku pépà ṣì wà lórí rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé?"

"Mo ṣubú."

"Ẹ jẹ́ ká pe Bọ̀dá Mákánjúọlá ní Ìjẹ̀bú-Igbó," Falilat wí. "Bí wọ́n bá gbéra nísinsìnyí, wọ́n á débí kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mákánjúọlá ni ọmọ àbúrò bàbá Ìyá Dọlápọ̀, iṣẹ́ kan náà ni òun náà ń ṣe. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló mi orí pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ta ló tún kù tó lè fọwọ́ kan ọwọ́ obìnrin yìí?

"Ẹ má pe Mákánjúọlá," Ìyá Dọlápọ̀ wí. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Mákánjúọlá máa fà á, ó máa bọ́ sípò. Bó bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí, á tún rì padà. Kò sí ohun tó máa dúró lé. Inú rẹ̀ ti ṣófo." Ó wo ọmọ rẹ̀ lójú. "Dọlápọ̀, gbé mi lọ sí Ìgbóbì."

Ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì kò jìnnà sí wọn rárá, ojoojúmọ́ ni Ìyá Dọlápọ̀ ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò wọ ibẹ̀ fún ara rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wọ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n fún un lóògùn ìrora, wọ́n ya ẹ́síréè, wọ́n fa ọwọ́ náà padà sípò, wọ́n sì fi píópì funfun tó máa ń le gbagidi wé e, wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí àwọn tún yà á wò. Ìyá Dọlápọ̀ dúpẹ́, ó lọ sílé. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀. Nínú píópì náà, ó ń gbọ́ bí eegun ọ̀hún ṣe ń yọ́ rìn díẹ̀díẹ̀ padà sí ibi tó ti wá.

Bó sì ṣe rí nìyẹn nígbà tí wọ́n tún yà á. Dókítà tó gbà á lọ́jọ́ náà ni Dókítà Ọdẹ́túnjí, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó fa àga súnmọ́ wọn.

"Màmá, eegun náà ti rì. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í sì í ṣe ẹ̀bi píópì. Àwa obìnrin, bí nǹkan oṣù bá ti dúró, eegun wa á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ìta rẹ̀ á fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ á wá ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànrìnkàn. Kì í dun èèyàn, kì í fi àmì hàn. Èèyàn á kàn ṣubú ìṣubú kékeré lọ́jọ́ kan ni."

"Ìṣubú kékeré ni lóòótọ́," Ìyá Dọlápọ̀ wí.

"Ọ̀nà méjì ló wà. A lè fi í sílẹ̀ nínú píópì kó jinná bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló yan ìyẹn. Ọwọ́ wọn á wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á fi jẹun, wọ́n á fi wọṣọ, kò sì ní yọ wọ́n lẹ́nu púpọ̀. Ìkejì ni pé ká ṣe iṣẹ́ abẹ, ká fi irin pẹlẹbẹ kan sí i kó gbé e dúró. Iṣẹ́ abẹ ní ewu tiẹ̀, mi ò ní tan yín. Ìdí tí mo fi fẹ́ bi yín nìyí: kí lẹ máa ń fi ọwọ́ yìí ṣe?"

Dọlápọ̀ wo ilẹ̀.

"Eegun ni mò ń tò," Ìyá Dọlápọ̀ wí.

Dókítà Ọdẹ́túnjí kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wo ìyá náà dáadáa bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì ní kí wọ́n gbé yín wá síbí?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ẹ ṣé, Màmá."

"Irin tí ẹ sọ yẹn," Ìyá Dọlápọ̀ wí, "kí ló máa dì mú? Bí ẹ bá kan ìṣó mọ́ kànrìnkàn, ṣebí yóò fà yọ?"

"Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ti ìsinsìnyí, orí ìṣó yẹn ní eyín, ihò tó wà lára irin náà ní eyín. Bí a bá ti yí i, irin á di irin mú, wọ́n á di nǹkan kan ṣoṣo. Kò gbára lé agbára eegun. Ẹnu ìṣó á kàn lọ dúró lábẹ́ ojú oríkèé bí ìka ọwọ́ tó gbé àwo, eegun á wá sinmi lé e lórí."

Ìyá Dọlápọ̀ wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó na àwọn ìka rẹ̀ sókè, bí ẹni tó gbé àwo.

"Ẹ bá mi ṣe é. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí n sùn."

"Màmá!" Dọlápọ̀ kígbe.

"Mi ò fẹ́ sùn. Mo fẹ́ wà níbẹ̀."

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, Dọlápọ̀ bá a dé ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí wọn kì í jẹ́ kí ará ilé kọjá. Inú yàrá náà tutù bí inú firíjì, iná orí rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí òjìji níbì kankan. Dókítà tó máa ń pa ìrora ni ọkùnrin tó ń jẹ́ Kamaldeen. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan wá ọ̀nà iṣan lábẹ́ eegun èjìká rẹ̀, ó sì fún un lábẹ́rẹ́ tó máa pa ọwọ́ náà nìkan kú, kó má baà sùn.

"Ẹ máa sọ fún mi bó bá ti ń gbóná, Màmá."

Ó gbóná. Lẹ́yìn náà ó wúwo. Lẹ́yìn náà kò sí ohun kan mọ́. Ìyá Dọlápọ̀ ní kí àtàǹpàkò òun mì, ó dúró dè é, kò sí èsì. Ó ṣì ń ronú sí i ni ó rí i tí nọ́ọ̀sì kan gbé apá kan sókè níwájú rẹ̀ tó ń fi oògùn kùn ún. Apá àgbàlagbà ni, awọ rẹ̀ hunjọ, ìka rẹ̀ gùn.

"Ọwọ́ ta nìyẹn?" ó béèrè.

Kamaldeen rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Tiyín ni, Màmá."

"Tèmi?"

"Tiyín ni."

Ọwọ́ tó ti ń bá a jẹun láti kékeré, tó fi gbé ọmọ, tó fi pa ojú ọkọ rẹ̀ dé lọ́jọ́ tó kú, òun ló ń lọ lókè yẹn bí ohun ìní ẹlòmíì, kò sì mọ̀ ọ́n. Ó ronú pé bóyá bí ara ṣe máa ń rí nìyí fún ẹni tó bá ti jáde nínú rẹ̀. Kò bà á lẹ́rù. Ó kàn ń yà á lẹ́nu ṣáá.

Wọ́n ta aṣọ sáàárín òun àti ọwọ́ náà kó má baà rí ẹ̀jẹ̀. Dókítà Ọdẹ́túnjí ti wọlé, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn nínú ìbòjú. Ẹ̀rọ ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ bí apá ẹni tó fẹ́ dì mọ́ èèyàn. Dókítà náà ní kí wọ́n yí ojú tẹlifíṣàn rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá.

"Màmá, ẹ wò ó."

Ẹ̀rọ náà dún pìì, àwòrán sì yọ.

Èéfín kọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń rìn. Bí dókítà náà ti ń yí ọwọ́ yẹn díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn eegun inú rẹ̀ ń yí. Ó rí eegun apá méjèèjì, èyí tó nípọn àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó rí àwọn wẹ́wẹ́ tó wà láàárín ọrùn ọwọ́ àti àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n kó ara wọn jọ bí òkúta inú odò, tí ọ̀kan ń yẹra fún èkejì, tí èkejì ń gba ẹ̀kẹta láàyè, láìsí pé wọ́n kọlu ara wọn. Ó mọ̀ wọ́n. Èyí tó wà nídìí àtàǹpàkò yẹn, tó máa ń kán lára àwọn ọmọ tó ń gun ọ̀kadà. Èyí tó rí roboto bí ẹ̀wà, tó máa ń fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka kékeré. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ti fọwọ́ kàn lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn ti ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti ọdún pípẹ́, tí kò rí ojú rẹ̀ rí, tó wá ṣàdédé bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin rèé," ó wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àṣé bí ẹ ṣe rí rèé."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ó ń dùn ún. Ó mi orí pé rárá.

Ibi tó bàjẹ́ náà hàn kedere. Ẹnu eegun tó nípọn yẹn ti fọ́, ó ti wó wọnú ara rẹ̀ bí ògiri amọ̀ tí òjò pa. Ó gbọ́ tí dókítà náà ní kí ẹnì kan fa ọwọ́ náà, kó fà á ṣinṣin, kó má já a gbà. Wọ́n dúró. Ó mọ ìdúró yẹn. Iṣan ni wọ́n ń dúró dè kó rẹ̀ ẹ́, kó jọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà ni dókítà tẹ ọwọ́ náà wálẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò rẹ̀, díẹ̀, bí ẹni tó ń pa ìdérí ìkòkò dé. Lójú Ìyá Dọlápọ̀, lórí tẹlifíṣàn yẹn, eegun tó wó náà dìde. Ó gòkè, ó sì tò.

Ó ti ṣe irú rẹ̀ fún ara àwọn èèyàn lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn nínú. Ó gbé èémí sókè, kò rántí láti sọ ọ́ kalẹ̀.

"Màmá, ẹ mí o," Kamaldeen wí.

Lẹ́yìn náà ni irin dé. Ó yọ sórí àwòrán náà ní dúdú, ó dà bí àtẹ́lẹwọ́ kékeré kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò dún wìì, ó sì ń gbọ́ ìdún náà nínú èjìká rẹ̀ bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá lójú títì. Ìṣó wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó gún ojú oríkèé. Wọ́n dúró lábẹ́ rẹ̀ gan-an, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, eegun tó dà bíi kànrìnkàn náà sì sinmi lé wọn lórí. Dókítà Ọdẹ́túnjí yí ọrùn ọwọ́ náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò rì.

"Ó ti dúró, Màmá."

"Mo rí i," Ìyá Dọlápọ̀ wí. "Olúwa, mo rí i."

Ìrora dé nígbà tí agbára oògùn náà tán, kì í sì í ṣe kékeré. Ọwọ́ náà wú. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ kò lè dé ìdí ìka kékeré. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Peculiar ló ń kọ́ ọ nílé ìwòsàn bí yóò ṣe máa lò ó padà, nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, nínú ìrẹsì tútù tó ní kó máa bù sọ́wọ́ kó sì máa dà á nù. Ìyá Dọlápọ̀ sunkún níbẹ̀ ju bó ti sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ lọ. Wọ́n tún yẹ bí eegun ara rẹ̀ yòókù ṣe lágbára tó wò, wọ́n fún un lóògùn tó ń mú eegun le, wọ́n ní kó máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ pẹ̀lú eegun rẹ̀, kó máa jókòó sínú oòrùn àárọ̀, kó sì máa rìn. Dọlápọ̀ ní kí wọ́n hú táìlì ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì da kọnkéré tí kì í yọ̀ sí i.

Agbára ọwọ́ náà kò padà tán. Ó lè fi lọ ata, ó lè fi di ìró, ṣùgbọ́n kò lè fa itan ọkùnrin mọ́, òun náà sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá Falilat wá láti Bàrígà, tó ṣubú nílé ìwẹ̀, Ìyá Dọlápọ̀ fi ìka kan ṣoṣo kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì bá a pé ó rún bíi tòun. Ó dìde, ó mú gèlè rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Ìgbóbì. Èmi náà ń bá yín lọ."

"Ẹ̀rù ń bà mí," ìyá Falilat wí.

"Kó bà ọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o sùn, sọ fún wọn pé o kò fẹ́ sùn. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí o rí."

Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ó máa ń jókòó síwájú ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé a máa ti Bajúláyé bọ̀ pẹ̀lú yíǹkì lọ́wọ́ wọn. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì a gbé àtẹ kọjá. Àwọn méjì a máa bọ ara wọn lọ́wọ́, ẹnì kan a máa gbé fóònù sókè, ẹlòmíì a máa ti géètì. Ìyá Dọlápọ̀ a máa wo ọwọ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń yí, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀, tí kò sí ẹni tó bojú wo ohun tó ń lọ nínú wọn.

"Màmá, kí lẹ ń wò tó bẹ́ẹ̀?" Dọlápọ̀ béèrè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Àwọn èèyàn wọ̀nyí," ó wí. "Wọn ò mọ ohun tí wọ́n gbé dání."